Ìwé Ara Ògiri Ọba Òkè Mẹ́ta

Láti ìgbà tí Yutao ti wọ ilé You gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ni tàdáwà ti ń pa ọwọ́ rẹ̀ láró. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, kì í ṣe òun ló ń kọ̀wé. Tianci, ọkọ rẹ̀, ló ń kọ ọ́. Iṣẹ́ ti Yutao ni kó lọ tàdáwà lórí òkúta, kó tẹ́ bébà pupa sílẹ̀ kó má ká, kó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́ títí bíróṣì yóò fi kúrò lórí bébà. Bí ọkọ bá kọ ọ́ tán, aya ni yóò gbé e lọ síbi ààrò kó lè gbẹ.

Ìwé ara ògiri tẹ́ńpìlì Ọba Òkè Mẹ́ta, òòṣà tí à ń bọ, ni mò ń wí, ní abúlé wa ní Yilan, níbi tí òjò àti àlùbọ́sà eléwé ti pọ̀ ju ènìyàn lọ. Ní oṣù keje ni a máa ń ṣe àsè fún àwọn Arákùnrin Rere, àwọn òkú tí kò lẹ́ni tó ń bọ wọ́n. A kì í pè wọ́n ní orúkọ mìíràn, nítorí ẹnu la fi ń ṣọ́ra. Ilé tó bá lọ́wọ́ sí àsè náà, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára ògiri kí òòṣà lè rí i, kí aládùúgbò náà sì rí i. Kí n má purọ́, ojú aládùúgbò ló ń ká ọ̀pọ̀ nínú wa lára jù.

Ìwé náà lófin tirẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa ní kíkọ nígbà tí a wà lọ́mọdé, yàrá yàrá ni wọ́n pín in, ọ̀rọ̀ kan, yàrá kan, òkè sì ni ìlà tiwa ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó kọ ọ́ wá sí ìsàlẹ̀. Orúkọ òòṣà kò gbọdọ̀ wà láàárín ìlà láéláé. Orí ìlà tuntun ló máa ń wà, a ó sì gbé e ga ju ti gbogbo ènìyàn lọ. Bí orúkọ àgbà bá kàn, a ó fi yàrá kan sílẹ̀ lófìfo níwájú rẹ̀, bí ẹni tó yà fún un lọ́nà. Ẹni tó kọ ìwé ńkọ́? Òun àti ará ilé rẹ̀, lẹ́tà kékeré ni tiwọn, ní ẹ̀gbẹ́, nísàlẹ̀ pátápátá. Bó ṣe wà nìyẹn kí wọ́n tó bí bàbá ẹnikẹ́ni nínú wa.

Nígbà tí ọmọ wọn, Meihui, fẹ́ lọ ilé ọkọ, Tianci fúnra rẹ̀ ló kọ ìwé ìpè. Yutao wo ìwé náà títí, ó rí yàrá òfìfo níwájú orúkọ àwọn àna, níwájú orúkọ àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá, ó sì rí orúkọ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, ó kéré bí irúgbìn àlùbọ́sà.

"Bàbá Meihui," ó ní, "èmi ò wá ní yàrá òfìfo kankan ni?"

"Ta ló ń yẹ́ ará ilé ara rẹ̀ sí níta? O fẹ́ kí wọ́n fi wá ṣe ẹlẹ́yà?"

Yutao rẹ́rìn-ín. Ẹni tó rẹ́rìn-ín kò kúkú sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò dun òun.

Nígbà tó yá ni àrùn rọpárọsẹ̀ gbé Tianci ṣánlẹ̀ nínú oko. Ó gba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó gba ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì bu díẹ̀ nínú ahọ́n rẹ̀. Ọkùnrin tí bíróṣì kì í gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ wá di ẹni tí wọ́n ń fi ṣíbí bọ́. Ó bá kọjú sí ògiri. Bí wọ́n bá kí i, kò jẹ́. Bí Yutao bá gbé ògì ìrẹsì oní-ànàmọ́ wá, yóò la ẹnu. Bó bá jẹ tán, yóò padà sọ́dọ̀ ògiri rẹ̀. Ẹ̀rù ń ba obìnrin náà. Kì í ṣe ikú ló ń bẹ̀rù, ó ti ń wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni tó ti kúrò nílé tó sì gbàgbé ara rẹ̀ sórí àga.

Oṣù keje wá ń bọ̀. Lan Jinhuo, alága tẹ́ńpìlì, ọkùnrin kan tó ń sin pẹ́pẹ́yẹ tó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń pè wọ́n wálé, wá kí wọn. Ó jókòó, ó mu tíì, ó wo ẹ̀yìn orí Tianci, ó họrí.

"Ìyàwó wa, ẹ má bínú o. A ti rò ó pé ká gbé ìwé ara ògiri lọ fún àwọn atẹ̀wé ìlú. Bó bá ti ọ̀dọ̀ wọn wá lọ́dún yìí, a ò ní máa yọ yín lẹ́nu mọ́ láéláé."

Yutao gbọ́ 'láéláé' yẹn. Ó wo ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀, ó rí i pé èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé e pé ọkùnrin yìí ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀, pé bí ìwé yẹn bá fi lè jáde nílé yìí, nǹkan kan tó kù lára rẹ̀ yóò bá a lọ.

"Ẹ má gbé e lọ síbì kankan," ó ní. "Ilé yìí ló máa ṣe é. Èmi ni màá ṣe é."

"Ẹ̀yin? Pẹ̀lú bíróṣì?"

"Pẹ̀lú kọ̀ǹpútà."

Bí ẹ bá bi í pé níbo ló ti rí ọ̀rọ̀ náà, kò mọ̀. Jinhuo rín ẹ̀rín títí tíì fi ta sí i láyà. Tianci nìkan ni kò rín. Ó yí orí padà, ohun àkọ́kọ́ tó sì máa sọ láti ọjọ́ pípẹ́, ìbínú ni.

"Ẹ̀rọ," ó ní, ahọ́n rẹ̀ wúwo. "Orúkọ òòṣà. Pẹ̀lú ẹ̀rọ." Ó tún kọjú sí ògiri.

Gbọ̀ngàn abúlé ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́. Ètò ìkọ̀wé tó wà nínú àwọn ẹ̀rọ náà, ọ̀fẹ́ lòun náà. Ẹni tó bá fẹ́ lè gbé e lọ sílé, kò sẹ́ni tó máa bi í. Olùkọ́ Zhuang, obìnrin kan tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún, ló ń kọ́ wọn. Bó bá bínú, ṣe ló máa ń rọra sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí Yutao kọ́kọ́ dé, ẹni tó jókòó tì í ni Abao tó ń ta ẹran pẹ́pẹ́yẹ gbígbẹ.

"Ẹ di eku mú," ni olùkọ́ wí, ó ń tọ́ka sí eku ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì.

"Ní ilé tèmi," ni Abao dáhùn, "ẹni tó bá di eku mú, pípa ló ń pa á."

"Tìrẹ ti fẹ́ẹ̀ kú náà," ni Yutao wí, "wo bó o ṣe fún un lọ́rùn." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ohun tí Yutao ń bẹ̀rù kò le tó bó ṣe rò. Pátákó kékeré kan wà tí wọ́n ń fi kálámù kọ̀wé sí, ẹ̀rọ a sì mú ọ̀rọ̀ náà jáde lójú gíláàsì. Bọ́tìnnì gígùn kan tún wà nísàlẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, yàrá òfìfo kan ṣí sílẹ̀. Inú Yutao dùn dé ẹ̀yìn. Nǹkan tí wọ́n fi kọ́ òun nílé-ìwé ti dé padà! Ó mú ìwé ara ògiri èṣí, èyí tí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ kọ, ó gbé e síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àdàkọ rẹ̀. Níbi tí orúkọ òòṣà bá ti yẹ kó gòkè, yóò to yàrá òfìfo sẹ́yìn àwọn tó ṣíwájú rẹ̀ títí ìlà yóò fi kún, òòṣà yóò sì bọ́ sórí ìlà tó tẹ̀ lé e. Níbi tí àgbà bá wà, yóò tẹ bọ́tìnnì. Kó tó ṣe tán, yàrá òfìfo inú ìwé rẹ̀ ti pọ̀ ju orúkọ lọ.

Olùkọ́ Zhuang wá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó wò ó.

"Màmá, ẹ má fi bọ́tìnnì yẹn ti ọ̀rọ̀ kiri. Ẹ má sọ ibi tí ìlà máa dúró sí fún ẹ̀rọ. Ẹni tí ìlà náà jẹ́ ni kí ẹ sọ fún un. Bí ẹ bá ti sọ pé òòṣà nìyí, òun fúnra rẹ̀ á mọ ibi tó yẹ kó gbé e sí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, olùkọ́," ni Yutao wí, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Kí ló kù tó ń fẹ́ àtúnṣe? Tòun àti ti ọkọ òun rí bákan náà. A mọ irú 'bẹ́ẹ̀ ni' yẹn lọ́dọ̀ wa: etí gbọ́, inú ò gbà.

Ó gbé ìwé náà dé tẹ́ńpìlì lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ ń ṣèpàdé. Wọ́n ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tó wà lọ́fíìsì tẹ́ńpìlì, ó rí rẹ́múrẹ́mú. Jinhuo pàápàá kan sáárá sí i.

"Ìyàwó wa, ẹ gbà á o! Ó kù síbì kan. Wọ́n gbàgbé ilé Abao, ẹ bá wa fi kún un lókè níbẹ̀ yẹn."

Yutao fi orúkọ Abao kún un, wọ́n sì tẹ ìwé náà jáde. Inú ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ bí omi ni. Orúkọ Abao ti èyí tó tẹ̀ lé e, ìyẹn náà ti ẹlòmíràn, gbogbo yàrá òfìfo yẹn sì ń ṣí kiri láìmọ ẹni tí wọ́n ń ṣọ́. Wọ́n tẹ́ bébà náà sórí tábìlì, gbogbo wọn sì tẹ̀ síwájú láti wò ó. Ọba Òkè Mẹ́ta ti já wá sí ìsàlẹ̀ ìlà bí ẹni tó ń wá ibi tó máa jókòó. Ẹni tó wà lókè, níbi tí ó yẹ kí òòṣà wà, tó ga ju gbogbo ènìyàn lọ, ni Lan Jinhuo.

"Ìyàwó wa!" ni Jinhuo kígbe, ó gbá àyà mú. "Kí ni mo ṣe yín? Ẹ fẹ́ kí òòṣà pa mí ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń wo ojú ère Ọba láti ẹnu ọ̀nà. Akápò tẹ́ńpìlì ní òun ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Jinhuo kì í ṣe ènìyàn búburú, ó ní òun á fún un láyè di ọ̀túnla. Bí kò bá tọ́ nígbà yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé ìlú náà ni, ọ̀rọ̀ tán.

Yutao gbé ìwé náà délé, ó jókòó síbi ààrò, ó sunkún. Kò sun ún síta. Ṣe ló ń fi aṣọ dí ẹnu. Ṣùgbọ́n ilé wọn kò tóbi.

"Kí ló dé?" ni ohùn kan wí láti iwájú ògiri.

Yutao fi aṣọ nu ojú. Kí ló fẹ́ sọ? Pé òun ti ta iṣẹ́ rẹ̀ nù? Nígbẹ̀yìn ó dìde, ó tẹ́ bébà náà sórí itan ọkọ rẹ̀, ó sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń retí èébú.

Tianci wò ó. Ó fi ojú gun ìlà kan, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gun òmíràn. Ó dé ọ̀dọ̀ Jinhuo. Ohùn kan jáde ní ọ̀fun rẹ̀ tí Yutao fi rò pé àrùn náà tún ti dé. Ó yíjú kíákíá. Ẹ̀rín ni. Ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu rẹ̀ ló ń rín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọba... Ẹlẹ́pẹ́pẹ́yẹ," ló wí.

Yutao náà bú sẹ́rìn-ín, pẹ̀lú ẹkún lójú. Àwọn méjèèjì rín in títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà gbé ọwọ́ òsì sókè, ó nawọ́ sí orúkọ kan. "Èyí, òkè." Ó nawọ́ sí òmíràn. "Èyí, yàrá kan." Ó dé ọ̀dọ̀ akápò. "Èyí kì í ṣe àgbà. Ó kàn ń pariwo ni." Gbogbo ọdún tí Yutao ti ń lọ tàdáwà, kò sẹ́ni tó sọ ìdí fún un rí. Ohun tó wà lójú bébà ló ń ṣe àdàkọ rẹ̀, kò mọ ẹni tí ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ wá dún padà létí rẹ̀.

"Bàbá Meihui," ó ní, "ẹ dìde. Ibì kan wà tí a ó jọ lọ."

Lọ́jọ́ kejì, nínú òjò, ó ti àga onítáyà rẹ̀ dé gbọ̀ngàn, aṣọ òjò kan lórí àwọn méjèèjì. Abao rí wọn, ó fi ẹran pẹ́pẹ́yẹ tó ń tà sílẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn wọlé. Olùkọ́ Zhuang kò bá wọn wí. Ó kàn jókòó tì wọ́n.

"Ó dáa. Bàbá, irú ènìyàn mélòó ló wà nínú ìwé yìí?"

Tianci ronú. "Ọba," ló wí. "Àgbà. Ìdílé. Akọ̀wé."

"Màmá, ẹ ṣẹ̀dá wọn."

Yutao fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ó dá ìrísí kan sílẹ̀, ìyẹn òfin tí ẹ̀rọ yóò máa fi to orúkọ, ó sọ ọ́ ní Ọba: orí ìlà tuntun, kó ga ju ti gbogbo wọn lọ, kó tóbi. Ó dá òmíràn sílẹ̀, ó sọ ọ́ ní Àgbà: kó fi àyè yàrá kan sílẹ̀ níwájú. Ìdílé tẹ̀ lé e. Akọ̀wé ló kẹ́yìn, lẹ́tà kékeré, ní ẹ̀gbẹ́, nísàlẹ̀. Ó nu gbogbo yàrá òfìfo tó ti kó sínú ìwé náà kúrò, ó dùn ún bí ẹni tó ń fa èso tó fúnra rẹ̀ gbìn tu. Lẹ́yìn náà ó ń gba orí orúkọ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, Tianci ń pe ohun tí wọ́n jẹ́, òun ń sọ ọ́ fún ẹ̀rọ. Ọwọ́ òsì wẹ ọ̀tún, ọ̀tún wẹ òsì. Àwọn méjèèjì ní ọwọ́ kan tó dára àti ìmọ̀ kan tó pé láàárín ara wọn.

"Ẹ wá fi orúkọ kan kún un lókè," ni olùkọ́ wí.

Yutao di ojú, ó fi Abao kún un lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ṣíjú. Ọba Òkè Mẹ́ta jókòó sáyè rẹ̀, kò mira.

"Tún fi kún un," ni Tianci wí.

Ó tún fi kún un. Abao ní kí wọ́n fi ti ìyá òun náà kún un, kí wọ́n fi ti ajá òun. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, wọ́n nù ún kúrò. Òòṣà kò kúrò lókè, àwọn àgbà kò sọ yàrá wọn nù. Tianci gbé ara rẹ̀ síwájú lórí àga, ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì.

"Ó mọ ipò," ló wí wẹ́rẹ́.

Ìlà ìkẹyìn ló wá kù, ti ẹni tó kọ ọ́. Yutao fi kálámù kọ You Tianci. Ọkọ rẹ̀ mi orí. "Nù ún. Ta ló kọ ọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, mo kàn..."

"Ta ló kọ ọ́?"

Ó nù ún, ó kọ Ìyàwó You Tianci.

"Ṣé orúkọ tí bàbá rẹ sọ ọ́ nìyẹn?"

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe orúkọ rẹ̀. Ìyá Meihui ni nílé, ìyàwó wa ni ní tẹ́ńpìlì, màmá ni ní gbọ̀ngàn. Ó kọ orúkọ ilé bàbá rẹ̀, ó fi tirẹ̀ tẹ̀ lé e: Jian Yutao. Ó yan ìrísí Akọ̀wé fún un, orúkọ náà kéré, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nísàlẹ̀, níbi tó ti yẹ ẹ́. Ó fẹ́ pa ìwé náà dé.

Tianci na ọwọ́ òsì rẹ̀, tí kò tíì mọ iṣẹ́ kankan ṣe dáadáa. Ó pẹ́ kí ìka náà tó dé ibi tó ń lọ. Ó tẹ bọ́tìnnì gígùn lẹ́ẹ̀kan. Yàrá kan ṣí sílẹ̀ lófìfo níwájú orúkọ Yutao.

"Bàbá Meihui, ọwọ́ yín ṣèèṣì," ó ní, ó sì sáré fẹ́ nù ún. "Olùkọ́ ní ká má lo bọ́tìnnì yìí. Ó máa ń ṣí."

Ọwọ́ òsì náà bo ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Kò sí ohun tó máa tì í," ni Tianci wí. "Òun ló kẹ́yìn. Fi í sílẹ̀."

Olùkọ́ Zhuang dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo òjò.

Ìwé náà wà lára ògiri kí oṣù keje tó wọlé. Gbogbo abúlé wá kà á, wọ́n ń wá orúkọ ara wọn bí ìṣe wa. Jinhuo rí i pé òun ti kúrò lórí òòṣà, ó mí kanlẹ̀. Ó kà á lọ títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ó dúró, ó tẹ orí wò ó, ó pe Yutao tó ń ti àga ọkọ rẹ̀ bọ̀.

"Ìyàwó wa, gbogbo rẹ̀ ló dára. Ibí yìí nìkan ni ẹ̀rọ ti ṣe àṣìṣe díẹ̀. Ó fi yàrá òfìfo síwájú orúkọ yín."

Àwọn ènìyàn yíjú. Ojú ń ti Yutao bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé.

"Kì í ṣe ẹ̀rọ," ni Tianci wí láti orí àga, ó sì sọ ọ́ ketekete kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Èmi ni."